Tara Ẹni

Mo ti pé ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, èmi ni wọ́n ń pè ní ọmọ tuntun.
Ẹni tó ń rán mi níṣẹ́ kò tíì pé mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n.
Ní ilé panápaná yìí, ní ìhà àríwá Wínípẹ́ẹ̀gì,
èmi ni mò ń kọ́kọ́ jí.
Mo gbálẹ̀, mo po kọfí, mo nu ọkọ̀ pupa
títí mo fi rí eyín ara mi lára rẹ̀.
Mo ka rọ́bà omi ní ìdì ní ìdì,
mo ka àáké, mo ka àkàbà,
mo ka ìgò afẹ́fẹ́
bí ọlọ́mọ púpọ̀ ṣe ń ka orí ọmọ lálẹ́.
Agogo kò lù.
Mo tún wọn kà.

Ẹ má rò pé iná là ń pa lójoojúmọ́.
Lánàá, búrẹ́dì ló jóná ní àjà kẹsàn-án,
gbogbo ayálégbé sá jáde sínú yìnyín tàwọn ti sílípáàsì.
Níjẹta, ìyá àgbà kan ṣubú lẹ́bàá ibùsùn.
A gbé e dìde.
Ó ní kí n bá òun wá awò ojú òun,
ó wò mí dáadáa, ó ní, "Ta ló bí ọ?"
Mo ní, "Ìbíwùmí, ọmọ Ìrágbìjí."
Ó pè é lẹ́ẹ̀mẹta. Ó kù díẹ̀ kó pè é tọ́.

Ìbíwùmí fúnra rẹ̀ kò yé pe fóònù mi:
"Bí iná bá jóni, tó jó ọmọ ẹni,
tara ẹni là á kọ́kọ́ gbọ̀n.
Ta wá ló rán ọ sínú iná ọlọ́mọ?"
Ó rán mi létí ọdún tí ṣọ́ọ̀bù oníkẹrosíìnì jóná,
tí ọkọ̀ panápaná dé lẹ́yìn wákàtí méjì
tariwotariwo, láìsí ẹ̀kán omi nínú rẹ̀.
A sọ wọ́n lókò. Èmi náà sọ ọ̀kan.
Ó ba ọkùnrin kan léjìká.
Kò wo ibi tí mo wà. Eérú ló ń wò.
Mi ò tíì sọ èyí fún ẹnikẹ́ni níbi iṣẹ́.

Ọjọ́ kẹtàlá oṣù Ṣẹ́rẹ́, òtútù tó ń fọ́ ìgò.
Agogo lù ní aago mẹ́ta òru.
Iná ọmọ ọ̀rara ti gun orí ilé pákó kan,
ó ń jẹ ẹ́ lájẹpọ́nnulá.
Omi tí a fi ń pa á ń di yìnyín lára wa:
ojú ń jó, ìka ń kú.
Obìnrin kan ń ké pé bàbá òun wà nínú.
Ẹsẹ̀ mi ti ṣí.
Ọ̀gá wa, Kowalchuk, fi ọrùn ẹ̀wù fà mí padà:
"Ìbòmú rẹ ńkọ́? Tìrẹ lákọ̀ọ́kọ́!
Òkú kì í gbé ènìyàn jáde."

Mo dúró. Mo dè é.
Mo gbọ́ èémí ara mi bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ.
Ìgbà náà ni òwe ìyá mi yíjú sí mi:
wọn ò ní ká gbọn tara ẹni ká sì sá lọ.
"Kọ́kọ́" ni wọ́n wí.
Ohun tó bá ní àkọ́kọ́, ó ní ìkejì.

A fàyà wọ́ wọlé. Inú ilé dúdú ju inú ìkòkò lọ.
Ọwọ́ mi kan ẹsẹ̀ àga, ó kan aṣọ,
ó kan nǹkan tó rọ̀.
Ọwọ́ ni.
Ó dì mí mú.

Nígbà tí bàbá Desjarlais máa sọ̀rọ̀ nínú ọkọ̀ aláìsàn,
eyín rẹ̀ tó wà nínú ife ló kọ́kọ́ bèèrè.

Ilẹ̀ mọ́. Mo bọ́ ẹ̀wù iṣẹ́ mi;
yìnyín ti mú un gan, kò wó,
ó dá dúró láàárín gbọ̀ngàn, èmi ò sí nínú rẹ̀,
bí ẹni tí ọmọdé kan ń wá òkò fún.
Mo wò ó títí.
Lẹ́yìn náà mo gbé ìnulẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í nu
omi tó ń kán lábẹ́ rẹ̀.