Ìwé Tí Kò Ní Èèpo

Ìwé náà kò ní èèpo mọ́.
Ikán ti jẹ ojú ewé mọ́kànlá àkọ́kọ́:
a kò mọ ilé tí ọdẹ náà ti jáde,
a kò mọ ẹni tó rán an.
Ojú ewé kejìlá ni bàbá mi ti máa ń bẹ̀rẹ̀,
ní Òkè-Ṣópẹ̀n, ní Ìjẹ̀bú-Igbó,
lẹ́yìn tí ẹ̀rọ ìlagi bá dákẹ́,
tí lẹ́búlẹ́bú pákó ṣì wà nínú irùngbọ̀n wọn.

"Ọnàdípẹ̀ dé etí odò olójú ẹgbẹ̀rún.
Odò ní, Kí lo mú wá?
Ó ní, Ọwọ́ mi méjèèjì nìyí, kò sí nǹkan nínú wọn."
Bàbá mi á pa ìwé dé, wọn á pa ojú dé.
Àwa ọmọ á dúró.
Ìdákẹ́ yẹn a máa gùn ju ìtàn lọ nígbà mìíràn.

Wọ́n ń ka Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìsinmi,
aṣọ funfun wọn a máa rùn gedú tútù.
Mósúnmọ́lá, ẹ̀gbọ́n mi, bi wọ́n lọ́jọ́ kan
bóyá iwin inú ìwé wa náà wà nínú Bíbélì.
Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní,
"Ẹ má wo iwin. Ẹ wo ẹni tí iwin dì mú,
kí ẹ gbọ́ ohun tó ń sọ."

A gbọ́.
Nígbà tí ọdẹ sun iṣu, tó fi ìdajì pamọ́ de ọ̀la,
tí ìdajì náà di òkúta nínú àpò rẹ̀,
a mọ̀ pé oúnjẹ òòjọ́ kò ní ọ̀la nínú.
Nígbà tí arẹwà inú ilé orí omi pè é,
tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti wọlé tán,
gbogbo wa kígbe, "Má fà wá!"
Ìyá wa dáhùn láti ilé ìdáná, "Sínú ìdẹwò,"
láì mọ ohun tí à ń kà.

Ojú ewé kan wà tí n kò fẹ́ràn.
Ọdẹ há sínú ihò fún ọjọ́ mẹ́ta,
ó pe gbogbo orúkọ tó mọ̀, ẹnikẹ́ni kò dá a lóhùn.
Ìwé kò sọ ìdí.
Bàbá mi náà kò sọ.
Wọ́n kàn ṣí ewé.

Lọ́dún tó kọjá, ọmọ mi Adétòrera
dùbúlẹ̀ sí ọsibítù kan ní Ìjẹ̀bú-Òde.
Ibà kò lọ, ilẹ̀ kò mọ́.
Mo wá Sáàmù tì.
Mo wá àdúrà inú ìwé àdúrà tì.
Ohun tó bọ́ sí mi lẹ́nu ni ti etí odò:
Ọwọ́ mi méjèèjì nìyí.
Nọ́ọ̀sì rò pé ọ̀rọ̀ owó ni.
Ó ní, "Wọ́n ti san án, ìyá. Ẹ jókòó."

Ó ti ń kàwé fúnra rẹ̀ báyìí.
Ó ń bi mí ohun tó wà nínú mọ́kànlá tí ikán jẹ,
ó ń bi mí pé ta ló rán ọdẹ.
N kò mọ̀.
Ṣí kejìlá, mo ní.
Ibẹ̀ la máa ń bẹ̀rẹ̀.