Àwa Méjèèjì La Jọ Ń Tún Ibẹ̀ Ṣe

Lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Ẹ̀bútè Mẹ́tà,
níbi tí Dókítà Ṣóbándé ti ń yọ eyín,
àpótí gíláàsì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.
Omi òkun ló wà nínú rẹ̀, kì í ṣe omi ẹ̀rọ.
Jẹ́rìkáànì mẹ́fà ni Mọ́ṣúúdù ń gbé wá láti Tákúwà Bé
ní gbogbo Àlàmísì tó kẹ́yìn oṣù.
Ó ní omi ọ̀sà ò níyọ̀ tó,
ẹja yìí á kàn tọ́ ọ wò ni, á kú.

Ẹja ọ̀hún ò ju ìka àárín mi lọ.
Bíi pé inú aró ni wọ́n rẹ ẹ́ sí,
tẹ́nì kan wá fi tìróò fa ìlà gbọọrọ kan
láti ẹnu rẹ̀ dé ìrù.
Dókítà ní òkun ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ti kó o wá,
inú iyùn ni wọ́n bí i sí.
Mo ní, iyùn wo?
Ó ní iyùn náà ni. Ó ní ó máa ń hù nísàlẹ̀ òkun bí igbó,
ẹja á sì máa fi ṣe ilé.

Mi ò fèsì.
Iyùn ìyá mi, mẹ́tàlélógún ni lórí okùn,
Jánkárà ni mo tà á sí
lọ́dún tí Ṣẹ̀fíù fẹ́ ṣèdánwò àṣejáde.
Ṣé ilé onílé ni mo tà yẹn?

Ẹ gbọ́ iṣẹ́ tó ń ṣe ná:
ẹnu ẹja ńlá ló ń wọ̀.
Ẹja tó lè gbé e mì káló á yanu sílẹ̀,
á dúró jẹ́ẹ́ bí aláìsàn lórí àga,
kékeré yìí á wọlé,
á ṣa ẹran tó há sí eyín, á ṣa kòkòrò,
á gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀kẹ́ jáde,
kò sẹ́ni tó ń pa ẹnu dé mọ́ ọn.
Wọ́n ń tò sílẹ̀ dè é. Àlejò ló sì kọ́kọ́ ń dá lóhùn,
nítorí ará ilé ò níbi tí wọ́n máa lọ.

Àmọ́ kò sí ẹja ńlá nínú àpótí wa.
Àwọn tí ẹ̀kẹ́ wọn wú ló ń jó fún,
àwọn tó di àṣọ́ọ̀fì mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́:
á gbé ìdí sókè, á rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀,
bíi kó ní, ẹ wá, àyè wà.

Méjì ni wọ́n nígbà tí wọ́n dé.
Ọjọ́ mẹ́ta ni iná fi lọ, jẹnẹrétọ̀ náà dákú,
mo fi ife bu omi, mo ń dà á padà láti òkè
kí atẹ́gùn lè wọ̀ ọ́, títí ilẹ̀ fi mọ́.
Akọ kú.
Kò ju oṣù kan àtààbọ̀ lọ, abo di akọ.
Ó ya Dókítà alára lẹ́nu.
Èmi rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà tí Bàbá Ṣẹ̀fíù ti sùn,
ta ló ń gòkè lọ lẹ páànù tó ń jò?

Ọdún kejìlá rèé tí mo ti ń gbálẹ̀ níbẹ̀.
Ìrẹ́rìn-ín mi, ọwọ́ ni mo fi ń bò ó.
Ọ̀kan ti yọ lókè, èkejì ti ń ro mí láti àwẹ̀ tó kọjá,
owó rẹ̀ sì tó iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì.

Lálẹ́ àná, gbogbo èrò ti lọ,
mo ń nu gíláàsì, mo rí ojú mi nínú rẹ̀.
Mo wo ẹ̀yìn. Mo yanu.
Ó wá.
Ó jó wá, ó dúró síbi tó ń ro mí gan-an,
ó fẹnu kan gíláàsì, tín-ín,
ó tún kàn án.

Mo ní, rọra o.
Mi ò pa á dé.