Níwájú Tábìlì Dorota

Ìwé àṣẹ ajá ni mo wá gbà
ní gbọ̀ngán ìlú Milwọ́kì, lọ́jọ́ tí yìnyín dí fèrèsé.

Ọkùnrin oníkóòtù wọlé, tẹ̀rín-tẹ̀rín:
"Ọ̀rẹ́ aṣòfin lásán ni mí."
Dorota Wachowiak ṣí ìwé ńlá.
"Ọ̀rẹ́ tí ta ló rán níṣẹ́?
Kọ orúkọ rẹ. Kọ ti ẹni tó ń sanwó rẹ.
Kọ iye tí o ra tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀lù tí o fún un."
Ẹ̀rín rẹ̀ dì bí omi adágún níta.
Ó kọ ọ́, wẹ́wẹ́, bí ẹsẹ̀ èèrà.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìyá arúgbó kan
gbé ìgò kùkúḿbà kíkan dé:
wọ́n ti dí kòtò iwájú ilé rẹ̀.
Dólà mẹ́ta, bóyá mẹ́rin.
Òfin ò bá a wí.
Dorota wo ìgò náà títí, ó gbé itọ́ mì.
"Ẹ gbé e padà, Màmá. Bí ẹnu bá jẹ, ojú á tì."

Ìyá bínú jókòó tì mí,
ó ṣí i, ó ń rún un wómúwómú.
Ó fún mi ní ọ̀kan.
Èmi kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìlú.
Mo jẹ ẹ́.