Yàrá Kejìlá

Ọ̀pẹ kan ṣoṣo ló kù lójúde wa ní Ẹ̀bùté Mẹ́ta,
ó dúró láàrin táǹkì omi àti ògiri balùwẹ̀,
ẹ̀gà ti bọ́ ọ láṣọ tán.
Imọ̀ rẹ̀ ku egungun, bí ẹja tí ológbò jẹ kù.
Bàbá Ṣómóyè ní òun yóò gé e lọ́dún yìí.
Ọdún mẹ́fà rèé tó ti ń sọ ọ́.

Láago mẹ́fà òwúrọ̀, kí reluwé tó fọn fèrè,
wọ́n ti bẹ̀rẹ̀.
Àwọn àgbà ní ẹ̀gà ń fọ èdè,
a ní ó ń pàtótó ẹnu.
Èmi gbọ́ èdè náà díẹ̀:
akọ ló ń polówó ilé.

Mo wò ó lójú fèrèsé, búrọ́ọ̀ṣì lẹ́nu mi.
Ó fi ẹnu ya imọ̀ bí ẹni ń ya aṣọ,
ó so kókó kan, ó ta á ní èkejì,
ara rẹ̀ ló fi ṣe òṣùwọ̀n, ó ń yí po nínú òrùka ewé
títí ilé fi yọ ikùn bí ìkòkò kékeré,
tí ẹnu ọ̀nà kọjú sílẹ̀.
Ó wá so rọ̀ sábẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀,
ó ń gbọn ìyẹ́ aláwọ̀ ìyeyè:
ẹ wá wò ó, ẹ wá wò ó!

Abo dé. Kò kí i.
Ó wọlé, ó fa koríko kan,
ó fa òmíràn,
ó jáde, ó fò lọ.

Ìbíyẹmí bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn mi.
Mo mọ ohun tó ń pa á lẹ́rìn-ín.
Yàrá mọ́kànlá la wò pẹ̀lú Kàmọ́rù ejẹ́ǹtì,
Ṣómólú, Bàrígà, Òyìngbò,
mo ń yin àjà, mo ń yin sọ́kẹ́ẹ̀tì,
òun ń fi ìka kan ògiri,
ó ń gbóòórùn igun ilé,
ó ní, “Omi ti dé ibí yìí rí,”
ó gbé báàgì rẹ̀ kọ́ èjìká.

Akọ ẹ̀gà kò bínú.
Tàbí ó bínú, èmi ni n kò gbọ́ ìyẹn.
Ó tú ilé náà ká, ewé rẹ̀ ti ń gbẹ,
ó lọ ya tútù.

Lóṣù Òkúdù, òjò òru já ilé méje lulẹ̀.
Mo ṣa ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ táǹkì.
Òwú búlúù tí Ìbíyẹmí fi ń dirun
wà nínú rẹ̀, wọ́n hun ún mọ́ imọ̀.
Kò sí ẹyin níbẹ̀, a dúpẹ́.
A fi kọ́ ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn,
a ní kọ́kọ́rọ́ kejì ni yóò máa gbé ibẹ̀.
Ìgbà tó jábọ́ la tó rántí
pé ìsàlẹ̀ ni ẹnu ọ̀nà wà.