Èyí Tó Mọ̀wọ̀n Ara Rẹ̀

Bílyà gbé irin ìjóje méjì kalẹ̀ ní Fámù Sẹ́ńtà, ní Kánò.
Ọ̀kan ń tan nọ́ńbà pupa bí ojú ológbò lókùnkùn.
Èkejì: igi, irin, wáyà. Ó tán.
"Èyí ò mọ ìgbà tó gbóná tó," ni Bílyà wí,
"á bó bàbà kúrò lára bọ́ọ̀dù ẹ."

Mo rántí rédíò bàbá mi
tí mo fi ìkánjú jó,
tí kò sọ Haúsá mọ́, tí kò sọ Yorùbá.

Mo ka owó mi lẹ́ẹ̀mejì.
Fún mi ní èyí tó mọ̀wọ̀n ara rẹ̀.

Nílé, mo kì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì.
Ó ka ogójì, ooru yàrá lásán,
Nẹ́pà bá mú iná.
Mo jókòó tì í, òjé lọ́wọ́, rédíò nítan:
a ò gbóná ju ara wa lọ.