Orí Mẹ́ta Lórí Pákó

Orí mẹ́ta ni Sixten tò sórí pákó fún mi
nínú gáréèjì rẹ̀ ní Arvidsjaur,
níbi tí oṣù Kejìlá ti ń jẹ ọ̀sán tán kí agogo méjì tó lù.
Mo kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì tútù,
mo kúnlẹ̀, mo fẹ́ yan orí ẹ́ńjìnnì
fún Volvo pupa tí Alvar bàbá mi fi sílẹ̀
pẹ̀lú gbèsè.

Èkíní ń dán. Wọ́n ti fọ̀ ọ́, ó mọ́ bí abọ́ àlejò.
Sixten da kẹrosíìnì sí i lẹ́nu,
a dákẹ́, a ń wò ó.
Ó ń yọ tín-ín-rín láàárín fáàfù méjì
bí omijé ẹni tó ń purọ́ pé ara òun yá.
Ó ti sán. Iná ti jẹ ẹ́ láti inú.

Èkejì, fáàfù mẹ́rìndínlógún, ọmọ ọlọ́lá.
Owó rẹ̀ ju owó ọkọ̀ lọ.
Bẹ́líìtì rẹ̀ bá já pẹ́nrẹ́n,
písítìnì á gbá gbogbo ilẹ̀kùn ilé wó.
Mo gbé ojú kúrò níbẹ̀.

Ẹ̀kẹta dúdú. Èéfín ogún ọdún lẹ̀ mọ́ ọn,
nọ́ńbà 531 wà lára rẹ̀ bí ilà.
Mo ti ìka bọ ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé,
ìka mi ń lọ, ó ń lọ, ohunkóhun ò dè é lọ́nà
títí ó fi kan ìdí fáàfù.
Sixten ò sọ nǹkan kan. Ó fi fìlà rẹ̀ nu imú.
Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n mọ̀ pé ariwo ayọ̀ nìyẹn.

Ó wá ku ọ̀pá kámù.
Èmi ti ní tèmi lọ́kàn:
èyí tí gegele rẹ̀ ga, tó ń ṣí ilẹ̀kùn pẹ́,
tí ẹ́ńjìnnì á máa gbọ̀n lójú kan bí ẹni tí ibà ń ṣe,
bíi ti àwọn ọmọkùnrin Piteå tó ń sáré lórí yìnyín.
"Tọ́bò ò fẹ́ ìyẹn," Sixten wí.
"Ẹni tó ń fi imú ara rẹ̀ mí ló nílò ilẹ̀kùn gbayawu.
Tọ́bò ti ń fi tipátipá tì í wọlé.
Bí ilẹ̀kùn iwájú bá ṣí, tí tẹ̀yìn náà ṣí,
afẹ́fẹ́ tí o fi owó ńlá rà á kí ọ,
á gba inú ilé kọjá.
Bí ẹ̀yìn bá sì dí, èéfín á padà wọlé,
á jókòó sórí àga àlejò."

Mo ní, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ dùn.
Ó ní, ohùn kì í fa ọkọ̀ gun òkè Galtis.

Ó na ọ̀kan sí mi, oníwọ̀ntúnwọ̀nsì,
lẹ́tà T kan ṣoṣo ní ìdí rẹ̀.
"Inú ọkọ̀ yín ló ti wà tẹ́lẹ̀.
Alvar ló yọ ọ́ lọ́dún 1998, ó ki èyí tó ga sí i,
ó wá fi gbogbo ọdún tó kù bú tọ́bò pé ọ̀lẹ ni."

Mi ò rẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín.

Títí di agogo mẹ́wàá ni mo fi ń lọ fáàfù,
ọ̀tún, òsì, ọ̀tún,
ó ń dún bí ọmọ tó ń payín keke lójú oorun.
Kámù gíga bàbá mi wà lórí fèrèsé,
mo fi súwẹ́tà rẹ̀ àtijọ́ wé e.
Mi ò tíì mọ ohun tí n ó fi í ṣe.