Ọ̀rọ̀ Kan fún Àná àti Ọ̀la

Ìlà mẹ́ta péré ni lẹ́tà náà.
Mo tẹ̀ ẹ́ jáde ní ṣọ́ọ̀bù mi l'Ájárà,
n kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ Ablá lọ́jọ́ yẹn.
"Ọ̀rọ̀ rẹ kò bára mu. A kò gbà ọ́ gbọ́.
A kò fún ọ ní ìwé ìwọlé."
Ó ní kí n tún un kà,
bí ẹni pé yíǹkì lè ronú pìwà dà.

Ní èdè wọn, ní Aného tí wọ́n bí i sí,
ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni àná, òun náà ni ọ̀la.
Ìyókù gbólóhùn ló ń sọ èyí tó ń bọ̀
àti èyí tó ti kọjá.
Ọmọ Ègùn ìhín ni ògbufọ̀ tí wọ́n yàn fún un.
Ọmọlúàbí ni Sẹ́wánù, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ kò dé Aného.
Ablá ní aládùúgbò òun sá wá, ó ní,
"Àná ni wọ́n wá sun ilé yín."
Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀: "Ọ̀la ni wọn yóò wá sun ún."
Ọ̀gá tó jókòó sókè òkun wo ìwé,
ó rí obìnrin tó ń sá fún iná tí ẹnìkan ò tíì dá.
Kò bi í.
Ìbéèrè kan péré ni ì bá ná an.
Kò bi í.

Oṣù mọ́kànlá ni ẹjọ́ fi wà ní kóòtù ọ̀hún.
Ablá ń bó àgbọn ní Tòpó,
nírọ̀lẹ́ á yọ sí mi, òórùn àgbọn lọ́wọ́ rẹ̀:
"Ṣé wọ́n ti sọ̀rọ̀?"

Alẹ́ tí wọ́n mú iná lọ ni ìdájọ́ dé.
Mo kà á lórí fóònù, bátìrì ku díẹ̀ kó kú.
Adájọ́ kò ní kó máa bọ̀.
Kò ní òótọ́ ló sọ, kò ní irọ́ ni.
"Ẹ rí ibi tó wọ́ nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀,
ẹ kò fi hàn án kó fèsì.
Kí ẹlòmíràn gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀,
pẹ̀lú ògbufọ̀ tó gbọ́ èdè rẹ̀."

Èmi ni mo hó yè. Ablá ò hó.
"Ṣé ilẹ̀kùn ti ṣí?"
Mo ní rárá. Wọ́n ní kí wọ́n jẹ́ kí o kàn án ni.

Ó dákẹ́. Òkun ń bú ní ìkọjá ọ̀sà.
Ó wá sọ ọ̀rọ̀ kan lédè rẹ̀, ọ̀rọ̀ yẹn gan-an.
N kò mọ̀ bóyá àná ni tàbí ọ̀la.
Mo bi í.